Ṣé Àsọdùn Ni Ìkìlọ̀ Ara Ìgò?

Àwa olùkọ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tún mú ẹ̀kọ́ kan wá fún kíkà nínú ilé. Ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí kì í ṣe èyí tí a fúnra wa yàn. Bàbá kan ni ó gbé e kalẹ̀ fún wa ní ìpàdé òbí àti olùkọ́.

A ti fún ọmọbìnrin bàbá náà ní iṣẹ́ àmúrelé pé kí ó ka ìkìlọ̀ ara ohun márùn-ún tí wọ́n ń lò nílé, kí ó sì kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí bàbá ka ohun tí ọmọ kọ, ẹ̀rín pa á. Ó dìde ní ìpàdé, ó ní: "Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe àsọdùn ni gbogbo èyí? Ìyá mi fi kọ́sítíìkì se ọṣẹ, ó fi kẹrosíìnì dáná, ó kó káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ, ó sì ń fín oògùn kòkòrò sí yàrá. Ọmọ méje ni ó bí, àwa méjèèje la sì dàgbà. Lónìí, ọṣẹ ìfọ abọ́ lásán náà ń kìlọ̀ fún ènìyàn. Ìbẹ̀rù àwọn òyìnbó ti pọ̀ jù."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé tú, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìbéèrè àgbà ni, ó sì yẹ kí á fún un ní èsì tí ó kún. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá, a ó sì gbà á fún un. Ṣùgbọ́n ewu tún fara pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀.

ÀÀLÈ ÀWỌN BABA WA

Kí á tó sọ̀rọ̀ ìgò, ẹ jẹ́ kí á rántí ààlè. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí kò sì lè rù ú tán lọ́jọ́ kan, a so àkísà tàbí àjákù bàtà tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára ààlè, síbẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ni ó mọ ohun tí ó ń wí: má fọwọ́ kàn án.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí ààlè ṣiṣẹ́. Èkíní, a kì í so ó mọ́ ohun gbogbo. Bí a bá so ààlè mọ́ gbogbo igi inú igbó, ta ni yóò tún kà á sí? Èkejì, gbogbo ará ìlú ni ó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀kẹta, ara ohun tí ó ń ṣọ́ gan-an ni ó máa ń wà. Ààlè ti òde òní ni ìkìlọ̀ ara ìgò. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni a ó sì fi wọ̀n ọ́n.

IBI TÍ ÌKÌLỌ̀ TI WÁ

Òótọ́ ni pé ìyá bàbá wa yìí lè má ka ìwé ara agolo rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò ní ìkìlọ̀. Àwọn ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú ń bó ni lọ́wọ́. Ìkòkò rẹ̀ yàtọ̀, ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ, ọmọ sì mọ ibi tí òun kò gbọdọ̀ dé. Ohun tí a ń rà ní ọjà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó pò ó pọ̀ kò sí ní agboolé wa tí a lè fi bi í léèrè. Ohun tí ó kọ sí ara ìgò nìkan ni ẹnu tí ó fi ń bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: àwọn tí ó yè ni ó ń dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Àwọn tí kò yè kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Chevalier Jackson, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh àti Philadelphia ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná wo inú ọ̀fun, kí ó sì yọ ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Léraléra ni wọ́n ń gbé ọmọdé tí ó ti gbé kọ́sítíìkì mì wá bá a. Àwọn ìyá wọn rà á láti fi fọ nǹkan nílé. Ó funfun bí ṣúgà, agolo rẹ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun olóró ni. Kọ́sítíìkì a jó ọ̀nà oúnjẹ ọmọ náà. Nígbà tí egbò bá sì jinná, àpá rẹ̀ a fún ọ̀nà náà pa, títí omi pàápàá kò fi ní lè kọjá mọ́.

Jackson tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun ti ń wo ọ̀kan sàn ni òmíràn ń dé. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn aṣòfin, kò sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1927, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ohun ajóni bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ POISON lára, pẹ̀lú ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí ẹnì kan bá gbé e mì.

Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ìkìlọ̀ lára kọ́sítíìkì, kí á má ṣe pè é ní ìbẹ̀rù òyìnbó. Ìrora ọmọdé ni ó bí i. Títí di òní ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ilẹ̀ wa ṣì ń tọ́jú ọmọ tí ó gbé kọ́sítíìkì mì nínú ilé tí wọ́n ti ń se ọṣẹ tà.

IBI TÍ ÀSỌDÙN WÀ

A ti ṣèlérí pé a ó gba òótọ́ fún bàbá wa. Àsọdùn wà ní tòótọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ California mọ òfin kan tí àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 1986, tí wọ́n ń pè ní Proposition 65. Òfin náà ní kí oníṣòwò kìlọ̀ fún ènìyàn bí ohun tí ó ń tà bá ní èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ tàbí tí ó lè ṣe ìpalára fún oyún. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èròjà tí ó wà nínú ìwé òfin náà ti tó nǹkan bí 900, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ní ilé oúnjẹ, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní ọdún 2018, adájọ́ kan dájọ́ pé àwọn tí ń ta kọfí pẹ̀lú gbọdọ̀ kìlọ̀, nítorí èròjà kan tí ó máa ń jáde nígbà tí a bá ń yan kọfí. Ní ọdún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ náà yọ kọfí kúrò nínú ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó bá ti rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ kò ní í wò ó mọ́. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní ń tẹ́.

Bákan náà, a rí ìkìlọ̀ lára ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride pé kí ọmọdé má gbé e mì. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ tí ó wà lórí búrọ́ọ̀ṣì kò ní í pa ọmọ lára. Ẹni tí ó bá jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà ń bá wí. Oníṣègùn ìgbàanì nì, Paracelsus, ti kọ́ni láti nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn pé ìwọ̀n ni ó ń sọ nǹkan di oró. Iyọ̀ tí ó dùn nínú ọbẹ̀ lè pa ènìyàn bí ó bá pọ̀ jù.

Nítorí náà, ìkìlọ̀ kò dọ́gba. Àṣìṣe wa ni pé a ń kà wọ́n sí ọ̀kan náà: àwọn kan ń bẹ̀rù gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn kò ka ọ̀kankan sí. Ẹni tí ó bá mọ ìkìlọ̀ kà kò ní í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

BÍ A TI Ń KA ÌKÌLỌ̀

Ní ọdún 2003, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè máa fi àmì kan náà kìlọ̀. Àwòrán mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú igun mẹ́rin tí ó dúró lórí ìka kan, tí etí rẹ̀ pupa. Agbárí pẹ̀lú egungun méjì túmọ̀ sí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ọwọ́ àti irin tí omi ń jẹ túmọ̀ sí pé ó ń jó ara. Ọwọ́ iná túmọ̀ sí pé ó ń gbaná. Àwòrán ènìyàn tí àyà rẹ̀ fọ́n ká bí ìràwọ̀ ń sọ nípa àrùn tí ó lè pẹ́ kí ó tó hàn. Àmì ìyanu lásán ń sọ nípa ohun tí ó lè yún ni tàbí ta ni lójú.

Ọ̀rọ̀ méjì sì tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ wa dá mọ̀ yàtọ̀. DANGER ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù, WARNING sì rọ̀ jù ú lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní ọjà wa ni ó ní àwòrán wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ní i, kí á kà á.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun mẹ́rin tí bàbá wa yóò rí nínú ilé rẹ̀ lónìí, kí á sì bi ara wa bóyá àsọdùn ni ìkìlọ̀ wọn.

Bílíìṣì. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí á má pò ó pọ̀ mọ́ ohun ìfọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá da bílíìṣì àti ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ pọ̀, ìdọ̀tí yóò tètè ṣí. Ohun tí ó ń jáde láti inú wọn ni gáàsì chlorine, gáàsì kan náà tí wọ́n tú sí àwọn ọmọ ogun ní ìlú Ypres ní ọdún 1915 nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú balùwẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé, ó tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kẹrosíìnì. Ìkìlọ̀ ní kí á má ṣe mú ẹni tí ó bá mu ún bì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà pé epo pupa ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kẹrosíìnì kò sí nínú ikùn tó bí ó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí epo pupa bá mú ọmọ bì, kẹrosíìnì a tún gba ọ̀fun kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì yà sí ọ̀nà èémí. Ohun tí ìyá fi ìfẹ́ ṣe ni ó wá di ìpalára.

Káńfọ̀. Àwọn bàbá àgbà kò rí i pé ó pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú àwa Yorùbá, nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin márùn-ún ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD. Bí a bá wọ aṣọ tí ó ti wà nínú káńfọ̀ onínaphthalene fún irú ìkókó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n. Bí ibà pọ́njú náà bá le jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ta ni yóò rántí àpótí aṣọ nígbà náà?

Oògùn kòkòrò tí ń jẹ́ dichlorvos, tí a mọ̀ sí DDVP. Ó ń dí iṣẹ́ èròjà tí iṣan ara wa fi ń sinmi lọ́wọ́: itọ́ àti òógùn a máa dà, ẹyinjú a sún kì, èémí a sì di ìṣòro. Síbẹ̀, àwọn kan ń fín in sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, ti mílílítà 100, ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a kò rí àsọdùn kan ṣoṣo.

NÍGBÀ TÍ A BÁ TÚ ÀÀLÈ KÚRÒ

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé gbígbé àwọn ọmọkùnrin wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

Bílíìṣì tí a rà wá nínú kéègì ńlá. Kí ó lè rọrùn fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ilé ṣe, a pín in sínú àwọn ike omi mímu tí ó ti ṣófo. Kò sí ẹni tí ó ronú sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ kékeré kan ti pápá eré ìdárayá dé pẹ̀lú òùngbẹ, ó rí ike omi lórí fèrèsé, ó ṣí i, ó sì gbé ẹnu lé e. Ẹnu kan ni ó gbé mì kí ó tó ké. Ìyá tí ń tọ́jú ilé gbígbé sáré gbé epo pupa wá. Nọ́ọ̀sì wa ni ó dá a dúró, tí ó fi omi yọ ẹnu ọmọ náà, tí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú wa. Ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ ta á fún ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ sì yá pátápátá. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́sítíìkì ni ó wà nínú ike náà, ìwé àjọ̀dún yìí ìbá má dùn ún kọ fún wa.

Nígbà tí a jókòó láti wádìí, a kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ ọmọ náà. Ike omi ni ó rí, omi ni ó sì rò pé ó wà nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ńlá wà lára kéègì, ẹni tí ó kọ ọ́ sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwa ni a tú ààlè kúrò lára ohun tí ó ń ṣọ́.

Èyí ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ ju gbogbo ohun tí a ti sọ lọ. Ní ilẹ̀ wa, ìṣòro kì í sábà jẹ́ pé ìkìlọ̀ ń pariwo jù. Ìṣòro náà ni pé a ti yà á kúrò kí ó tó dé iwájú ẹni tí ó yẹ kí ó kà á. Kẹrosíìnì wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kọ́sítíìkì wà nínú ọ̀rá tí a dì ní ọjà. Oògùn kòkòrò tí a ń pè ní ota-piapia wà nínú ìgò kékeré tí kò ní ìwé lára rárá. A ń jiyàn bóyá ohùn ìkìlọ̀ ga jù, nígbà tí ó jẹ́ pé a ti pa á lẹ́nu mọ́.

ÌKÒKÒ GÍLÍGÁLÌ

Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ẹsẹ 38 sí 41, sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ kan fún wa. Ìyàn mú ní Gílígálì, Èlíṣà sì ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn lọ sí pápá, ó rí èso igbó kan tí kò mọ̀, ó kó o wá, ó sì rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n kígbe pé ikú ti wọnú oúnjẹ náà.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Ẹni tí ó mú èso náà wá kò ní èrò búburú. Ìrànlọ́wọ́ ni ó fẹ́ ṣe, àìmọ̀ ni ó mú un. Àwọn tí ó tọ́ ọ wò kò dákẹ́ nítorí ìtìjú tàbí nítorí ebi. Wọ́n kígbe, igbe wọn sì ni ó gbà wọ́n là. Èlíṣà kò sì bínú sí àwọn tí ó kígbe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí wọ́n máa fi ìgbàgbọ́ jẹ ẹ́. Ó wá àtúnṣe sí i kí ó tó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún àwọn ènìyàn. Ìgbàgbọ́ àti ìṣọ́ra kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

OHUN TÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Kí á má ṣe da ohun olóró sínú ìgò tàbí ike tí a fi ń mu nǹkan láéláé. Bí ó bá di dandan láti pín in, kí á kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ohun tí a dà á sí ní èdè tí gbogbo ará ilé gbọ́, kí á sì ya agbárí sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí á gbé e sí ibi gíga tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kí á má po ohun ìfọ̀ méjì pọ̀. Kí á fi káńfọ̀ sílẹ̀ kúrò nínú aṣọ ìkókó.

Bí ọmọ bá gbé ohun olóró mì, kí á má fún un ní epo pupa, kí á má sì mú un bì. Kí á fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí á sì mú ìgò náà dání, nítorí oníṣègùn yóò fẹ́ kà á. Bí ó bá ta sí ojú tàbí ara, kí á máa da omi tí ó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ gáàsì ni, kí á kọ́kọ́ jáde síta.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ ÌDÍLÉ

1. Ohun mélòó nínú ilé wa ni kò sí nínú ìgò tí a rà á sí?
2. Èwo nínú wọn ni ó ní DANGER lára, èwo ni ó sì ní WARNING?
3. Ta ni nínú ilé wa tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, báwo sì ni ìkìlọ̀ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?
4. Nínú ìtàn Gílígálì, kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀ bí ẹni àkọ́kọ́ tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò bá dákẹ́?

Bàbá wa tí ó bi wá ní ìbéèrè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni ẹ sọ pé ìkìlọ̀ mìíràn wà tí ó pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yín parí iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, kí ẹ sì jọ rìn yí ilé ká pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. A ní ìdánilójú pé ẹ ó rí ìgò kan, ó kéré tán, tí ó yẹ kí ẹ so ààlè rẹ̀ padà mọ́ ọn.